Ọpẹ́ Tí Òyìnbó Ní Ká Má Dú

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé inú ìwé lòun ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bá mi kí i kú iṣẹ́, àmọ́ ẹ má tíì ní kó lọ ṣe ògbufọ̀ fún baba rẹ̀. Èmi ṣe é. Ní Ìsẹ́yìn ni, ní ọdún díẹ̀ kí ogun àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan lọ́mọbìnrin tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní agbo ilé wa, mo sì ń gbé e káàkiri bí ẹni tó wé gèlè tuntun.

Ahunṣọ ni baba mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kì í tètè rí fọ́nrán òwú tó bá já mọ́, àwọn oníbàárà sì ti ń ráhùn. Àlùfáà òyìnbó kan rí i bó ṣe ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan òfì, ló bá fún un ní ògbólógbòó awò ojú rẹ̀ kan. Baba mi gbé e wọ̀, ó wo òwú, ó pariwo, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òyìnbó ju ọwọ́, ó ní, "Dóńtì mẹ́ńṣọ́nù ìtì," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Kí ló wí?"

"Baba, ó ní ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀ rárá."

Ojú baba mi yí padà. Ta ní í ṣeni lóore tí í ní ká má sọ ọ́? Nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá ta ọ́ lọ́rẹ, wàá sọ fún ará ilé kí wọ́n bá ọ dúpẹ́, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, wàá tún lọ dúpẹ́ ti àná. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Síbẹ̀ baba mi kò fẹ́ rú òfin òyìnbó.

Àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé níbo ló ti rí awò. Ó ní, "Awò wo?" nígbà tó wà lójú rẹ̀ gbàǹgbà! Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé bóyá ṣe ló jí i. Ìyẹn dùn ún ju ojú tó ń ṣe bàìbàì lọ. Ó bọ́ awò, ó fi aṣọ dì í, ó tún padà sí fífi imú wá òwú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú òyìnbó sì bí mi.

Mo lọ bá tíṣà wa, ọmọ Ṣakí kan tó ti bá òyìnbó gbé pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ohun táwa ń pè ní 'kò tọ́pẹ́' nìyẹn! Ta ni wọ́n máa ń wí i fún tó máa ń torí ẹ̀ dákẹ́ ọpẹ́?"

Mo sáré délé. N ò tíì sọ ọ́ tán tí baba mi fi gbé awò wọ̀, tó ń ké sí gbogbo agbo ilé. A tò lọ sílé àlùfáà, ahunṣọ, ìyàwó ilé, ọmọ lẹ́yìn, iṣu lórí, àkùkọ lábẹ́ apá. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀. Òyìnbó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé gbogbo àwọn yìí ló fẹ́ awò ni, torí èyí tó wà lójú òun nìkan ló kù.

Mo ní rárá o, ọpẹ́ ni wọ́n wá bá baba mi dú.

Ó ní, "Gbogbo wọn?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún baba mi. Ó ti awò rẹ̀ sókè, ó wo èrò tó kún àgbàlá, ó ní, "Bá mi bẹ òyìnbó kó má bínú pé a ò pọ̀. Àwọn tó lọ sóko ò tíì dé."