Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún gbogbo agboolé wa ní Bẹyẹrunkà, n'Ìbàdàn. Kì í ṣe pé mo mọ̀wé ju àwọn yòókù lọ. Àwọn tó dàgbà jù mí ló ti gbọ́n: tí wọ́n bá ti rí lẹ́tà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà báyìí, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà jáde, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo lè jẹ gbogbo ọ̀sán mọ́ ọmọ lọ́wọ́. O ó kà á tán, Ìyá Àgbà á ní kí o tún un kà. O ó dé ibi tí wọ́n ti kí wọn, wọ́n á dáhùn, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á wá bi ọ́ léèrè ìdí tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi kí àbúrò wọn, bí ẹni pé ìwọ lo kọ ọ́.

Èmi fẹ́ràn iṣẹ́ náà ní tèmi. Àkọ́kọ́, ẹ̀pà sísun máa ń wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá kàwé. Èkejì, mo tètè rí i pé ẹni tó ń kàwé fún ẹni tí kò mọ̀wé lè fi nǹkan díẹ̀ kún un. Ìgbà kan wà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan kọ̀wé láti Kánò, tí mo kà á pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Ràfátù ní ẹran tó tóbi lálẹ́ yìí, ọmọ náà ń gbìyànjú." Mo jẹ ẹran náà. Kò sí ẹni tó béèrè ohunkóhun.

Ìyá tó bí bàbá mi ni Ìyá Àgbà. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkàn ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi lórúkọ láti Bẹyẹrunkà títí dé Pópó Yemọja ni ọmọ wíwẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ tuntun sórí ojúgun wọn. Wọ́n á fi ọṣẹ bò ó, wọ́n á nà án lápá, wọ́n á nà án nítan, wọ́n á fi omi gbígbóná tẹ orí rẹ̀ kí ó lè rí róbótó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n á sì hán an. Ìyàwó tuntun tó bá ń wò ó á di ojú. Gbogbo àwa ọmọ ilé náà la ti ọwọ́ wọn kọjá. Tí inú wọn bá dùn sí mi, Àjọkẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Tí wọ́n bá ti pè mí ní Ràfátù, kí n yáa wá ibi tí mo máa sá gbà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ba obìnrin yìí lẹ́rù láyé, omi ni. Lójú tiwọn, omi tó bá ti ju ti inú àmù lọ, ọ̀tá ni. Bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé àbíkẹ́yìn wọn, Àǹtí Múlí, lọ fẹ́ ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní erékùṣù kékeré kan lórí ọ̀sà, lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Ìyá Àgbà kò kọ ọkùnrin náà. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ń kírun, ó ń jẹun tó. Wọ́n kàn sọ fún un lójú gbogbo ẹbí pé, "Mo fún ọ lọ́mọ. Mi ò fún omi lára mi o." Ọdún mẹ́ta kọjá, Àǹtí Múlí ló máa ń wá kí wa ní Iléyá, Ìyá Àgbà kò débẹ̀ rí.

Lẹ́tà tó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀ gba ọwọ́ awakọ̀ kan dé láti Ìjẹ̀bú-Òde. Àǹtí Múlí ti bí ọmọkùnrin, ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin. Ariwo ayọ̀ sọ nínú ilé. Ìyá Àgbà jó díẹ̀, wọ́n jókòó, ojú wọn wá yí padà. Wọ́n ní, "Kí Lásísì lọ ṣojú mi níbi ìkómọ." Bàbá mi ni Lásísì.

Mo mọ̀ pé tí bàbá mi bá dá lọ, wọn kò ní mú ọmọ kankan dání. Ìgbà tí Ìyá Àgbà bá lọ nìkan ni èmi lè lọ, nítorí èmi ni mo ń gbé báàgì wọn. Láti ìgbà tí Àǹtí Múlí ti ń sọ fún wa pé àgbọn ń dá já bọ́ fúnra rẹ̀ níbẹ̀, pé ọmọdé ń mu omi rẹ̀ débi tó ń fi í ṣeré, ni mi ò ti gbádùn mọ́. Mo bá fi ìka mi sórí ibi tí Àǹtí ti kọ ọ́ pé kí wọ́n bá òun kí gbogbo ará ilé. Mo kà á sókè ketekete pé, "Ẹ jẹ́ kí ìyá mi mọ̀ pé ìjọba ti ṣe afárá dé ọ̀dọ̀ wa. Mọ́tò ń dé ẹnu ọ̀nà."

Ìyá Àgbà ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, afárá náà di onírin. Nígbà tí wọ́n ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti gbé iná sí i lọ́tùn-ún lósì.

Nígbà tí bàbá mi ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán fìlà ní Bẹẹrẹ dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n bá Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù. "Afárá?" ni bàbá mi wí. Wọ́n wo ojú mi. Mo ń wo ewúrẹ́. Wọ́n la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Bàbá mi kò purọ́ o, wọ́n kàn dákẹ́ ni. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń bẹ ìyá wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọjọ́ ìkómọ, a kírun àsùbáà tán, ó di ìdíkọ̀. Báàgì tí mo gbé wúwo bí òkúta: ọṣẹ dúdú ni, kànìnkàn tuntun ni, òrí ni, àdín ni. A jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nínú mọ́tò. Láti Ìbàdàn dé Ìjẹ̀bú-Òde, inú mi ń dùn. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ẹ̀pẹ́, àdúrà ni mò ń gbà. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kí ìjọba ti bá mi ṣe afárá kan síbẹ̀ láàárọ̀ yẹn, bó bá tilẹ̀ jẹ́ onígi.

Ìjọba kò ṣe é. Omi ló tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ níwájú wa ní èbúté, òórùn ẹja gba gbogbo ibẹ̀, ọkọ̀ gígùn kan tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn sì ń mì síwá sẹ́yìn.

Ọlọ́kọ̀ náà ké sí wa pé, "Ìyá, ẹ máa wọlé, ó ku ẹni mẹ́ta."

Ìyá Àgbà ní, "Afárá dà?"

"Afárá wo, Ìyá? Ọkọ̀ nìyí."

Wọ́n yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ràfátù," ni wọ́n wí. Wọn kò pariwo rárá. Wọ́n gba báàgì lórí mi, wọ́n gbé e kalẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n jókòó lé e lórí.

Bàbá mi bẹ̀bẹ̀, bẹ̀bẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú agbádá funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ ó bá mi níbí." Erékùṣù náà wà lọ́ọ̀ọ́kán tí a ń rí igi àgbọn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ohun tí mo ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Tí Ìyá Àgbà bá jókòó sí Ìbàdàn, Àǹtí Múlí á sọ pé ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ pé ìyá òun dé etí omi, tó sì kọ̀ láti wá wo ọmọ òun, kí ló máa rò? Èmi ni mo fi ẹnu mi fa ìyẹn. Mo bú sẹ́kún, ẹkún gidi, kì í ṣe èyí tí mo fi ń sá fún ẹgba.

Obìnrin ẹlẹ́ja kan wà nínú ọkọ̀ tó ti tà tán, tó ń padà sílé. Ó bi bàbá mi léèrè ilé tí à ń lọ. Bàbá mi sọ fún un.

"Há, ilé káfíńtà! Ọmọ wọn ọ̀hún ò jẹ́ ká gbádùn, ẹkún ní gbogbo ìgbà. Ìyá káfíńtà náà ló ń wẹ̀ ẹ́. Ojú ìyá yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, omi ni wọ́n kàn ń dà sí i lára."

Ìyá Àgbà gbé orí sókè. "Wọn kì í nà án?"

"Wọn kì í nà án, Ìyá."

"Wọn kì í jù ú sókè?"

"Ta ni yóò jù ú? Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má lọ hán an tì."

Ìyá Àgbà dìde. Wọ́n so ìborùn wọn mọ́ àyà, wọ́n ní kí n gbé báàgì. Bí ẹni tó fẹ́ lọ bá ènìyàn jà ni wọ́n ṣe rìn wọnú ọkọ̀ náà, àfi ìgbà tó mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ké "Láìlá!" tí wọ́n sì di irun mi tí a dì ní ṣùkú mú. Wọn kò fi í sílẹ̀ títí a fi gúnlẹ̀. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, kí ọkọ̀ lè gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n rántí mi láàárín omi, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ní ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má mira, ọkọ̀ á fì. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ilẹ̀ ń bẹ níwájú." Ẹ̀rín ń pa mí, mo sì gba ìkó kan lórí fún un.

Ní erékùṣù, Ààfáà ti ṣí tírà, àwọn àlejò ti jókòó. Ìyá Àgbà kò kí ẹnikẹ́ni. "Ẹ gbé omi gbígbóná wá," ni wọ́n wí. Ìkómọ dúró. Wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ wọn dán omi wò, wọ́n tẹ́ ọmọ náà sórí ojúgun. Ìyá ọkọ Àǹtí ló ń bu omi fún wọn. Ọmọ náà ké débi tí adìyẹ sá. Wọ́n nà án, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Ààfáà fúnra rẹ̀ sì pa ojú dé. Nígbà tí wọ́n fi òrí pa á lára tán, ọmọ tí kò jẹ́ kí àdúgbò gbádùn ti sùn lọ fọnfọn. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà gbé e mọ́ àyà, tí mo rí i pé omi ń bọ́ lójú wọn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Wàhábì, ó sì sùn títí wọ́n fi sọ ọ́ tán.

Èmi ò rí ìparí rẹ̀ dáadáa, nítorí orí iyanrìn ni mo wà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ìka kan nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fi í jẹ wá níyà nígbà náà. Àwọn ọmọ erékùṣù pé lé mi lórí, wọ́n ń bi mí bí àwa ará Ìbàdàn ṣe ń gbé níbi tí kò sí ọ̀sà. Àánú wa ń ṣe wọ́n. Àǹtí Múlí jáde wá, ó béèrè ohun tí mo ṣe, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ń sunkún. Ó la àgbọn kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń da omi rẹ̀ sí mi lẹ́nu bí mo ṣe wà níbẹ̀. Mi ò tíì mu ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, pẹ̀lú ẹja tó ju àwo lọ.

Lẹ́yìn ìrun aláásárì, ọlọ́kọ̀ pè wá pé ọkọ̀ ìkẹyìn ń lọ. Ìyá Àgbà wo omi náà, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n ní, "Ẹ kí wọn nílé." Àwàdà ni a pè é. Wọ́n ní àwọn ti wọ nǹkan yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó tó fún ayé àwọn. Bàbá mi tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú agbádá kan náà. Èmi àti wọn nìkan la padà sí Ìbàdàn.

Oṣù márùn-ún ni Ìyá Àgbà lò níbẹ̀. Ẹ̀rù omi tí kò jẹ́ kí wọ́n lọ ni kò jẹ́ kí wọ́n bọ̀. Àwọn ìyàwó ilé wa tó bímọ láàárín ìgbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí pa. Nígbà tí Àǹtí Múlí mú Ìyá Àgbà dé níkẹyìn, Wàhábì wà lẹ́yìn wọn, ó ti ń jókòó, ó sanra, ọrùn rẹ̀ le. Láti ìgbà náà, ẹni méjì ló ń ka lẹ́tà kan fún Ìyá Àgbà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọn kì í sì í jẹ́ kí a ríra.

Ayé ti wá yí padà. Kò sẹ́ni tó ń kọ lẹ́tà mọ́. Ọmọbìnrin mi bímọ ní Kánádà, kí wákàtí kan tó pé mo ti rí ọmọ náà lórí fóònù, pẹ̀lú gbogbo ará ilé. Nọ́ọ̀sì tiwọn ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju ọmọ sókè, inú ọpọ́n onírọ́bà kan ni wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi nǹkan wọn ìgbóná omi. Ó ti hu eyín méjì báyìí. Ó mọ ohùn mi, ó máa ń fẹ́ lá fóònù náà. Ìwé ìrìnnà mi ti jáde láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n ti fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Mo ti sọ pé òtútù ti pọ̀ jù, mo ti sọ pé mò ń dúró de Iléyá, mo ti sọ pé orúnkún ń dùn mí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ni mo lè sọ òótọ́ fún: ẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú ló ń bà mí. Ní gbogbo alẹ́ ni mò ń rí ọmọ náà. Mo mọ ẹ̀rín rẹ̀, mo mọ ẹkún rẹ̀, mi ò tíì mọ bó ṣe wúwo tó.