Fìlà Àtùpà Bàbá Mi

Àtùpà idẹ kan ni bàbá mi fi sílẹ̀ nílé wa ní Ìpele. Nígbà ayé wọn, kẹrosíìnì ló ń mu. Lẹ́yìn wọn, aláǹgbá ló ń gbé inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá màmá mi lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n gbé e dání, tí wọ́n ń dúró de àwọn tó ń ra irin àlòkù, mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Á tàn padà nínú pálọ̀ yín."

"Tíṣà," wọ́n ní. Bí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi iṣẹ́ mi pè mí. "Aago tó o tún ṣe níjọ́sí, ṣé ó ti mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́? Ó dáa, ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá tàn, ó di tàwọn onírin."

Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán ju orí mi lọ, orí mi náà ò sì kẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lọ bá Àlàájì kan tó ń ṣe iṣẹ́ iná láàárín ìgboro Ọ̀wọ̀. Wọ́n fi wáyà àti gílóòbù sí i, wọ́n tún fi irin tín-ín-rín ká egungun ìbòrí rẹ̀, tí à ń pè ní fìlà àtùpà, bí apẹ̀rẹ̀ tí a dojú dé.

"Ta ló máa rán aṣọ sí i?" Àlàájì bi mí.

"Èmi ni."

Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n gbàdúrà fún mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ahunṣọ ni màmá mi. Bí àwọn obìnrin tó ń hunṣọ lọ́dọ̀ wa bá fẹ́ mọ aṣọ tó dáa, wọ́n á nà án sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín òwú, wọ́n á ní ọwọ́ ẹni tó hun ún rọ. Nígbà tí màmá ní kí n yan àjákù kan nínú àpótí wọn, èyí tó ki jù ni mo yan, mo rán an bo egungun náà. Ṣebí ọmọ ahunṣọ ni mí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó pé ọ̀sẹ̀, mo tan iná. Ìmọ́lẹ̀ gba òkè lọ sí àjà, ó gba ìsàlẹ̀ bọ́ sórí tábìlì. Fìlà náà dúdú kirikiri.

Màmá wò ó títí. "Iná bàbá rẹ, àwa la máa ń rí i. Tìrẹ, àjà ló ń rí i." Wọ́n wá fọwọ́ pa aṣọ náà. "Ṣùgbọ́n ṣé o rí bí mo ṣe ń hunṣọ? Iná mànàmáná ò rí ọ̀nà gbà."

Mo ti ń fọkàn gbé àtùpà fún àwọn onírin nígbà tí màmá wọ yàrá lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jáde, pẹ̀lú aṣọ pupa àti búlúù kan tí wọ́n wé sínú ọ̀rá.

"Èyí tí mo kọ́kọ́ hun nìyí. Ìyá mi nà án sójú oòrùn, gbogbo agbo ilé fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ pàápàá ò rí i rí."

Òwú rẹ̀ jìnnà síra bí eyín ọmọ ọdún méje. Mo rán an, mo tan iná. Pupa àti búlúù yọ sára ògiri, ó yọ sójú màmá. Wọ́n nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga wọn ní pálọ̀.

"Gbé e síbẹ̀ fún mi," wọ́n ní.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan ládùúgbò yà wá kí wọn. Ahunṣọ lòun náà. Ó fọwọ́ kan fìlà àtùpà, ó fojú ṣírò òwú rẹ̀.

"Ìyá, ta ló hun èyí?"

Mo la ẹnu. Màmá ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

"Tíṣà ni," wọ́n ní. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni."