Orin Iṣẹ́ Tó Di Orin Ìṣẹ́

Ọdún tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary ni Ọláoyè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù fóònù. Iléeṣẹ́ epo tó ti ń ṣe injiníà dá òun àti ìdajì ọ́fíìsì wọn dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti dún, á fò dìde; bó bá rí i pé kì í ṣe ibi tó ti ṣe interview, á tún jókòó, ojú rẹ̀ á fà ro. Ilé wọn ní McKenzie Towne ni kò jẹ́ kó sùn. Báǹkì ló ni ín, àwọn kàn ń gbé inú rẹ̀ ni, ohun tí Suliat ìyàwó rẹ̀ ń gbà ní daycare kò sì tó san owó báǹkì náà. Bí iṣẹ́ kò bá dé kí snow tó yọ́ tán, ilé lọ nìyẹn.

Àìbalẹ̀ ọkàn ló dá ẹgbẹ́ olórin wa sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Nígbà tí Ọláoyè ń kàwé ní Leeds, òun àti àwọn ọmọ òyìnbó kan jọ ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kékeré, wọ́n ń ti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn. Ó wá gbé gìtá náà jáde ní basement kó má baà máa wo fóònù ṣáá. Dóyin tí wọ́n bí sí London, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbí, gbọ́, ó ní òun á kọrin. Èmi Fúnmiláyọ̀, nọ́ọ̀sì tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ni mo jókòó ti ìlù. Ṣé ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ọ, ọwọ́ mi sì yá ju tàwọn ọmọ yín lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo orin wa tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ọláoyè ní ká fi Yorùbá kọ ọ̀kan, kó jẹ́ àdúrà: “Iṣẹ́ ń bọ̀.” Dóyin ló wá ohùn sí i. Ohùn náà dùn gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá kó tó fò sókè. Gìtá ń ké, èmi náà ń lu ìlù bí ẹni ń jà, kò sẹ́ni tó fetí sí ohun tí ẹnu wa ń sọ.

Ilé ọtí kan ní Beltline la ti kọ́kọ́ ṣeré níta. Suliat jókòó níwájú, kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù. Nígbà tá a dé orí orin yẹn, èmi àti Ọláoyè dáwọ́ dúró kí àwọn èrò lè dá a kọ. Àwọn òyìnbó sì kọ ọ́ dáadáa, wọ́n na ọwọ́ sókè: “Ìṣẹ́ ń bọ̀! Ìṣẹ́ ń bọ̀!”

Ẹ̀rù bà mí débi pé igi ìlù bọ́ lọ́wọ́ mi. Odindi ilé ọtí ló ń ṣépè fún ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún ń jó sí i!

“Ẹ ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ ni?” Suliat bi wá ní parking lot, ó ń fọwọ́ yí orí rẹ̀ ká. “Ẹ̀ ń fẹnu yín pe ìṣẹ́ wá sílé mi! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

“But it's the same word now, Àǹtí,” Dóyin fèsì.

“Same word kẹ̀! Iṣẹ́ ni job. Ìṣẹ́ ni òṣì. Ohùn tó o fi sí i ló wọ́ ọ lọ sílẹ̀. Dóyin, you have finished us o.”

A yí ohùn orin náà padà. Orin náà kú pátápátá, kò dùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ọtí yẹn ti pè wá padà, ohùn ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Lásìkò náà, Ọláoyè ti ṣe interview kan tó lọ dáadáa, ó ń retí èsì, ẹ̀rù sì ń bà á láti la ẹnu rẹ̀ kí ó má baà ba nǹkan jẹ́.

Òun náà ló wá ọgbọ́n rẹ̀. “Sister Fúnmi, ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ,” ó wí. “Bá a bá ti pè é, ẹ jẹ́ ká kọ̀ ọ́.” Ó wá fi ìlà kan kún un: “Ìṣẹ́ ń bọ̀, kò ní bá wa nílé.” Lálẹ́ ọjọ́ tá a kọ ọ́ ní Beltline, gbogbo Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló pariwo “Àmín!” Ti Suliat ló ròkè jù.

Fóònù dún lọ́jọ́ Monday. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò náà.

Snow yọ́. Nígbà tá a ń kó ẹrù wọn lọ sí basement tí wọ́n rẹ́ǹtì ní Abbeydale, Suliat dúró láàárín pálọ̀ tó ti ṣófo, ó wo ọkọ rẹ̀.

“Àdúrà yín mà gbà o,” ó wí. “Bó bá dé báyìí, kò ní bá ẹnikẹ́ni nílé.”

Ọláoyè bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín kí n tó rí i pé ẹkún ló ń sun. Suliat lọ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì gbé àpótí tó kù jáde fún wọn.