Gààrí Obìnrin Méjìlá

Láti ọjọ́ tí ọmọ ọmọ mi ti wọ yunifásítì láti kọ́ bàyókẹ́mísírì ni mo ti ń fi í yangàn káàkiri Ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ tí èmi náà kọ́ nìyẹn, nígbà tí irun ṣì wà lórí mi. Nínú gbogbo ilé wa, òun nìkan ló tọ ipa náà. Àwọn ọmọ mi sá fún un. Wọ́n ní àwọn ò lè máa gbọ́ òórùn ásíìdì lára aṣọ bàbá àwọn kí àwọn náà tún wá lọ fi ṣe iṣẹ́. Ìyá mi ni mo máa ń pe ọmọ náà, torí kò pẹ́ tí a sin ìyá tó bí mi ni wọ́n bí i. Nítorí náà, kò dùn mọ́ mi láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ó ní ọjọ́ mẹ́ta kan lọ́dún tó kọjá tí mo gbà lọ́kàn mi pé òpùrọ́ ni.

Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló fà á. Wọ́n ní kó lọ wádìí iye májèlé tó máa ń ṣẹ́ kù sínú gààrí. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé nínú lóòótọ́, sáyánáìdì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìyá wa ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i: wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan kí omi rẹ̀ ro dànù, kó sì kan, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n tó yan án. Bó bá ṣe pẹ́ nínú àpò tó ni májèlé náà ń dín kù tó, iná tí wọ́n fi ń yan án á sì tún lé lára èyí tó kù lọ. Ohun tí ọmọ mi fẹ́ fi ìṣirò hàn nìyẹn. Ó lọ sí Okeluse, ìlú kan tí wọ́n ti ń yan gààrí, ó gba gààrí lọ́wọ́ obìnrin méjìlá sínú ọ̀rá kéékèèké méjìlá, ó sì fi máàkà kọ iye ọjọ́ tí ti oníkálukú lò nínú àpò sára ọ̀rá rẹ̀. Ó kó o lọ sí iléèwé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì padà wá sílé mi láti kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń gbé inú yàrá rẹ̀ lọ́hùn-ún kì í pa rédíò. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló fẹ́ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka iwájú mi. Mo wọ awò ojú mi. Ìlà méjìlá. Ẹnì kan fi ẹ̀gẹ́ sínú àpò fún ọjọ́ méjì, ẹnì kan ọjọ́ mẹ́ta, ẹlòmíràn ọjọ́ márùn-ún. Mo wá wo ìhà kejì, níbi tí iye májèlé wà. Ṣe ni àwọn nọ́ńbà náà jọ ara wọn bí ọmọ ìyá kan náà.

"Ó dáa, àbí, Bàbá?"

"Ó dáa jù."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń yìn ín ni.

Kí ẹ tó bá mi wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ojú mi ti là sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, ojoojúmọ́ la máa ń jẹun ọ̀fẹ́ ní yàrá oúnjẹ, ẹlòmíràn ló sì ń bá wa lọ aṣọ. Kò sí ọ̀sán tí mo jókòó sí ìloro ilé mi nísinsìnyí tí n kì í rántí yàrá àyẹ̀wò wa, àwọn tábìlì onígi dúdú, fèrèsé gbàràmù, àti bí a ṣe máa ń fi ẹnu fa omi oògùn sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ láìbẹ̀rù ikú. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, wọ́n ní ká máa kán omi kan sínú òmíràn títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la gbọ́dọ̀ ṣe é. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó kù ẹyọ kan, òórùn ìrẹsì wọlé láti yàrá oúnjẹ, mo sì wo nọ́ńbà méjèèjì tí mo ti kọ, mo kọ ẹ̀kẹta sí àárín wọn. Olùkọ́ wa, ọkùnrin kan tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ máa ń dé orúnkún, fi gègé pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ náà mọ́ púpọ̀. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi tó ti lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni nọ́ńbà tó bá mọ́ jù ti máa ń rùn sí mi.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń jẹ ẹ̀bà, mo bi í léèrè wẹ́rẹ́.

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo lọ sí Okeluse?"

"Ta ni ìbá bá mi lọ, Bàbá?"

"O bá àwọn méjèèjìlá pàdé?"

"Mo bá wọn pàdé." Ó gbé òkèlè sílẹ̀. "Kí ló dé?"

"Ẹni tó lo ọjọ́ méjì àti ẹni tó lo ọjọ́ márùn-ún, báwo ni tiwọn ṣe lè rí bákan náà? Ibo lo ti rí àwọn nọ́ńbà yẹn?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Nínú gààrí ni mo ti rí wọn. Ó ya èmi náà lẹ́nu. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì."

"Àwọn ọmọ ìwòyí," ni mo wí, n kò sì parí rẹ̀.

Ó dìde, ó kó àwo rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi náà ò pè é ní Ìyá mi lọ́jọ́ náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ fìlà, mo ní mò ń lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Uso. Okeluse ni mo forí lé. Mo wọkọ̀, mo tún gun ọ̀kadà. Eruku pupa bo bàtà mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹsẹ̀ ọmọ náà tẹ ìlú yẹn rárá.

Kò pẹ́ tí mo fi rí wọn. Abẹ́ páànù gbọọrọ kan ni wọ́n jókòó sí nínú èéfín, agbada níwájú oníkálukú, wọ́n ń fi àfọ́kù igbá ro gààrí. Mo fi Yorùbá iléèwé mi kí wọn, bí mo ṣe máa ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Gààrí lẹ fẹ́ rà?"

"Rárá. Mò ń béèrè ọmọbìnrin kan ni, tó wá gba gààrí lọ́wọ́ yín fún àyẹ̀wò."

Gbogbo àfọ́kù igbá dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àyẹ̀wò kẹ̀?" ni èyí tó sún mọ́ mi wí. "A ò rí irú rẹ̀ o."

"Ìlú Ijagba ni kí ẹ ti lọ béèrè," ni ẹnì kejì wí. "Tibí kọ́."

"Bóyá ẹ tiẹ̀ ṣìlú ni."

Ó tán. Mo jókòó sórí àpótí kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ náà ò débẹ̀ rárá. Ó jókòó sínú yàrá, ó ń kọ nọ́ńbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, lédè Ọ̀wọ̀ ìyá mi báyìí, pé ọmọ ọmọ mi ti ba ojú mi jẹ́.

"Bàbá!" Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sí ìpẹ̀kun, tó so gèlè àlòkù mọ́rí, ló pè mí. "Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni yín?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí bàbá mi."

"Kí wá ló dé tí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn? Ta ni ọmọ náà jẹ́ sí yín?"

"Ọmọ ọmọ mi ni."

Ẹ̀rín bú jáde lábẹ́ páànù náà. Ẹnì kan fi igbá lu itan.

"Ṣé èyí tó wọ ìbọ̀wọ́ bí agbẹ̀bí yẹn?"

"Tó ń fi ṣíbí bu gààrí bí ẹni ń bu oògùn!"

"Tó ń sọ Yorùbá Ìbàdàn! Àwa rò pé ìjọba ló rán an o. Wọ́n ní wọ́n ń lọ káàkiri, wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ ẹni pa."

Ìyá àgbàlagbà náà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Òun ni olórí wọn.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo kọ́ wọn. Mo ní kí oníkálukú wọlé bí ẹni tó fẹ́ lọ bu tirẹ̀, kó gba ẹ̀yìnkùlé wá bù nínú àpò tèmi. Gààrí tèmi ò lẹ́bi. Ọjọ́ mẹ́rin ló máa ń lò, ẹnikẹ́ni ò sì lè rí nǹkan kan wí sí i."

"Tèmi tí mo máa ń yan lọ́jọ́ kejì ńkọ́?" ni obìnrin kan wí. "Kí n gbé ìyẹn fún ìjọba, kí n fi rẹ́wọ̀n he?"

"Gbogbo yín? Àpò kan ṣoṣo?"

"Ẹyọ kan," ni ìyá àgbàlagbà náà wí.

"Iye ọjọ́ tí ẹ wá sọ fún un ńkọ́? Irọ́ ni?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Rárá o. Ó bi wá léèrè, a sì dá a lóhùn. Òótọ́ ni iye ọjọ́ tí a sọ. Gààrí nìkan ni kì í ṣe tiwa."

Nígbà tí mo délé, ọmọ náà wà nídìí tábìlì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìtíì bọ́ bàtà. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn pé mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí mi.

"Ẹ ní Uso lẹ̀ ń lọ."

"Mo purọ́."

"Gààrí lẹ lọ wádìí ni, Bàbá, àbí èmi?"

Mo fẹ́ sọ pé gààrí ni. Ojú rẹ̀ ò jẹ́.

"Ìwọ ni."

Mo wá sọ ti ọjọ́ Ẹtì yẹn fún un, ti ìrẹsì àti nọ́ńbà kẹta. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. "Nítorí pé ẹ̀yin ṣe é, ẹ rò pé èmi náà á ṣe é," ló wí, ó sì pa kọ̀ǹpútà dé.

Ó pe olùkọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́ mọ́, kó lọ tún un ṣe. Mo ní kí n bá a lọ, pé àwọn obìnrin náà ti mọ̀ mí. Ó ní kí n jókòó. Ó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko ní Okeluse, ilé ìyá àgbàlagbà náà ló sùn sí, ó bá wọn bó ẹ̀gẹ́, ojú rẹ̀ ni wọ́n ti di àpò, ojú rẹ̀ ni wọ́n ti tú u. Nígbà tó dé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, èéfín sì wà nínú irun rẹ̀. Ó kó gààrí rẹ̀ lọ sí iléèwé láìjẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀rá kankan.

Oṣù kan kọjá kó tó tún gbé kọ̀ǹpútà náà ka iwájú mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú mi bí mo ṣe ń kà á. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn nọ́ńbà náà fọ́n káàkiri bí ó ti yẹ: ti ọjọ́ méjì ga, ti ọjọ́ márùn-ún lọ sílẹ̀. Àfi ẹyọ kan. Ìlà kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́rin, ó sì ga ju ti ọjọ́ mẹ́ta lọ. Mo wò ó, mo gbé ojú kúrò, mo tún padà sí i. Mo ní ó dára, mo fẹ́ bọ́ awò ojú mi.

"Ẹ bi mí, Bàbá," ló wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ìlà kẹsàn-án. Ẹ bi mí, kí ẹ má baà tún lọ wọkọ̀."

Mo bi í. Ó fa àga kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà, ti igi tútù tí kò jó, àti ti obìnrin kan tí iná kú mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí gààrí rẹ̀ tó gbẹ.