Ọjọ́ Tí Mo Yadi Nítorí Yúnyún

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí yúnyún fojú mi rí ní Ìsọlọ̀, nígbà tí owó epo dé tí gbogbo ilẹ̀ ń di ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! (Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.)

Bíríkìlà ni bàbá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, páànù ya á lẹ́sẹ̀ ní sáìtì. Wọ́n gbé e wálé, ẹ̀jẹ̀ ń dà.

Màmi ní kí n sáré lọ já yúnyún. Ẹ mọ̀ ọ́n, àbí? Òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò tó máa ń kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, kí koríko yòókù tó jí. Wọ́n á gún ewé rẹ̀, wọ́n á fún un sójú egbò, ẹ̀jẹ̀ á dá. Ọ̀nà Èjìgbò nìkan ló kù tó ti ń hù.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni: ẹni tó ń lọ já a kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ewé náà ò ní í ṣiṣẹ́. Èmi! Tíṣà tí wọ́n ń pè ní Rédíò!

Mo pa ẹnu mọ́. Ìyá Bọ́sẹ̀ kí mi lọ́nà, mi ò dáhùn. Ó ní ṣé owó epo ló mú kí n gbàgbé ẹni tó jù mí lọ ni? Mo gbé e mì.

Mo já ẹ̀kúnwọ́ kan. Bí mo ṣe fẹ́ já sí i ni katapílà dé. Ẹni tó ń wà á rọra dúró: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣì ń fẹ́ nǹkan níbẹ̀? Kí n kọ́kọ́ gba apá ọ̀hún?"

Háà! Ọ̀rọ̀ kan péré! Mo ń juwọ́ pé kó ṣe sùúrù. Ó rò pé mo ní kó máa bọ̀.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n!" Ó sì gbá gbogbo yúnyún tó kù mọ́ erùpẹ̀.

Ẹ̀kúnwọ́ yẹn dá ẹ̀jẹ̀ dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká máa pààrọ̀ ewé títí egbò á fi jinná. Nígbà tí mo ròyìn fún Màmi, ó di orí mú: "Ọmọ yìí! Ìgbà tí èèyàn bá ń lọ nìkan ni èèwọ̀. Tó o bá ti já ewé àkọ́kọ́, ẹnu ti ṣí!"

Ta ló sọ ìyẹn fún mi tẹ́lẹ̀?

A wá yúnyún dé Ọ̀ṣọ́dì, sìmẹ́ńtì la bá. Egbò kẹ̀. Ká tó gbé Bàbá dé ọsibítù, ó ti pẹ́ jù fún ẹsẹ̀ náà. Bàbá mi ò gun àkàbà mọ́ láyé. Gbogbo Ìsọlọ̀ ń kọ́lé, òun jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

Ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Rédíò, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, ọ̀kan ṣoṣo ni mo nílò, òun náà lo gbé mì." Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Tí wọ́n bá fún yín léèwọ̀, ẹ béèrè ibi tó parí sí. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ìdákẹ́jẹ́ ti gbà lọ́wọ́ yín rí? Ẹ sọ ọ́ o. Ẹ má ṣe bíi tèmi.