Ìbéèrè Dókítà Tí Mo Ṣì Túmọ̀

Mo rántí ìgbà tí àwọn èèyàn ń pè mí ní nọ́ọ̀sì, tí mi ò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti ṣe ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì lẹ́ẹ̀kan, kò bọ́ sí i. Bàbá mi tó jẹ́ bíríkìlà ló bá mi wá iṣẹ́ sí ilé-ìwòsàn aládàáni kékeré kan tó wà lẹ́yìn ọjà, nítorí òun ló mọ ògiri ibẹ̀. Káàdì ni mo ń kọ. Bí aláìsàn bá dé, màá béèrè orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìlú tó ti wá, màá kọ ọ́ sórí páálí, màá sì gbé e wọlé fún dókítà. Aṣọ funfun tí wọ́n rán fún mi ló ń tan àwọn èèyàn jẹ, ó sì wù mí kó máa tàn wọ́n.

Dókítà wa wá láti ilẹ̀ Íńdíà. Irú wọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa láyé ìgbà náà, nígbà tí owó náírà ṣì níyì. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè, gbogbo Yorùbá tó sì gbọ́ kò ju "ẹ pẹ̀lẹ́" àti "ṣé ó ń dùn yín" lọ. Àwọn aláìsàn rẹ̀ ńkọ́? Àgbẹ̀ ni wọ́n, àwọn tó ń yan gààrí ni wọ́n, Ìjẹ̀bú tó jinlẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ, èyí tí ará Ìbàdàn pàápàá kò lè gbọ́ tán. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló máa ń dúró láàárín wọn tí ń ṣe ògbufọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, èmi ni wọ́n ń pè, nítorí mo gba àmì tó ga jù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bàbá mi sì ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo wọn títí dórí ẹni tó ń gbálẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn kò kìlọ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbẹ̀ kan wá pẹ̀lú inú wíwú. Dókítà ní kí n bi í bóyá ó ń páàsì omi dáadáa. Páàsì tí mo mọ̀ ni ti ìdánwò, àti ti mọ́tò tó bá fẹ́ gba iwájú òmíràn kọjá. Mo ronú sí méjèèjì, mo mú èyí tó bá omi mu.

Mo ní, "Bàbá, dókítà ní ṣé ẹ máa ń kọjá omi dáadáa?"

Bàbá wò mí díẹ̀. Ó ní, "Èyí tó wà lọ́nà oko mi? A ti tẹ́ igi lé e. N kì í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́."

Mo yíjú sí dókítà, mo ní ó ń páàsì rẹ̀ dáadáa. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà tó wọlé lásìkò náà, tó sọ pé ìtọ̀ ni dókítà ń béèrè. Bàbá náà kò tọ̀ bó ṣe yẹ láti ọjọ́ mẹ́rin. Gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín, àti bàbá fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú ni kí o máa bẹ̀rù. Èyí tó bá gùn gbọọrọ, wàá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá kúrú, wàá rò pé o mọ̀ ọ́n. Abéèrè kì í ṣìnà o." Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, mà. Nínú ọkàn mi, mo ní ó ń jowú ìwé mi ni.

Kò ju oṣù méjì lẹ́yìn èyí lọ tí obìnrin ará Ìmùsìn kan fi dé. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ wá, ìyá rẹ̀ pọn ọmọ tuntun sẹ́yìn. Obìnrin tó ń yan gààrí ni, ara rẹ̀ le, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó ń gbọ̀n nínú oòrùn ọ̀sán. Ọdún méje ló fi wá ọmọ yẹn. Nílé ìyá agbẹ̀bí ní abúlé wọn ló bí i sí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì àgbà wà lọ́dọ̀ aboyún kan tó ń rọbí, èrò sì kún ìta. Wọ́n ní kí n wọlé wá.

Dókítà béèrè nípa ibà, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó béèrè nípa orí fífọ́ àti inú rírun, mo túmọ̀ wọn. Ó wá béèrè bóyá díṣáàjì kankan wà.

Gbogbo Ìjẹ̀bú ló mọ díṣáàjì. A tilẹ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tiwa: bí ara aláìsàn bá yá, wọn á díṣáàjì rẹ̀, á máa lọ sílé. Mi ò ronú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Dókítà ní ṣé wọ́n díṣáàjì yín níbi tí ẹ bímọ sí?"

Ó ní, "Rárá o. Ilé ìyá agbẹ̀bí ni mo bí i sí. Kò sẹ́ni tó díṣáàjì mi."

Mo sọ fún dókítà pé kò sí. Ó gbójú sókè, ó tún bi mí pé ṣé kò sí rárá? Mo ní kò sí rárá, sà. Dókítà kì í yẹ abẹ́ obìnrin wò láìsí nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí mo sì ti fi ẹnu ara mi sọ pé kò sí, kò rí ìdí tí yóò fi dá obìnrin náà dúró títí nọ́ọ̀sì á fi ráyè. Ó kọ oògùn ibà fún un. Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, obìnrin náà fà mí láṣọ. Ó rọra sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ohun kan tún wà." Ojú ń tì í, ó ń wo dókítà. Mo ní kó jẹ́ kí dókítà kọ̀wé tán ná. Nígbà tí dókítà kọ̀wé tán, mo ti pe ẹni tó kàn.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n gbé e padà wá, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ń kó ẹ̀gẹ́. Kò lè dìde. Òórùn tó bá a wọlé mú kí àwọn tó jókòó níta dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú bóyá nǹkan ń jáde lójú ara ọmọ rẹ̀. Ìyá ní ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tó ti ń jáde, pé ó dà bí ọyún, pé ìdí gan-an tí àwọn fi wá lọ́jọ́sí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì mú káàdì, ó kà á. Dókítà ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí díṣáàjì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni òyìnbó fi ń pe kí aláìsàn máa lọ sílé àti kí ọyún máa jáde lára èèyàn. Mo dúró lẹ́yìn tábìlì mi. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun, èmi náà kò sì sọ ohunkóhun.

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó yè é, a dúpẹ́. Àmọ́ ilé ọmọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n ní láti yọ ọ́ kúrò.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lẹ́yìn èyí ló mú kí oúnjẹ korò lẹ́nu mi. Dókítà, tí kò purọ́, ti sọ fún ọkọ obìnrin náà pé òun béèrè lẹ́ẹ̀mejì, obìnrin náà sì sọ pé kò sí. Nítorí náà, bí ọkọ rẹ̀ bá dé láti Ìmùsìn, á dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á máa bi í pé kí ló dé tó fi àìsàn pamọ́ fún dókítà? Ìyá ọkọ rẹ̀ á ní ìtìjú àṣejù ló fi ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́. Obìnrin náà á kọjú sí ògiri, á máa fọ́mọ lọ́mú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń gbọ́ ọ láti ìdí tábìlì mi, tí mò ń kọ káàdì. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà.

Mo ti rò pé yóò gbá mi létí. Ó jókòó ni. Ó ní, "Mo ti mọ̀ látọjọ́ tí mo ka káàdì. Mò ń dúró kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́." Ó ní kí n lọ bá obìnrin náà.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ohun tí dókítà béèrè àti ohun tí mo fi túmọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

Ó ní, "Mo rò pé èmi ni mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n bi mí. Gbogbo ọjọ́ yìí, mò ń sọ fún ara mi pé àìkàwé mi ló ṣe mí."

Ó tún ní, "Èmi nìkan kọ́ lo máa sọ ọ́ fún. Bí ọkọ mi bá dé lọ́la, níwájú ìyá rẹ̀ ni kó o ti sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà dúró tì mí, dókítà náà sì wá, kò gbọ́ èdè wa ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ obìnrin náà ò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Ó wo aṣọ funfun mi láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àbí nọ́ọ̀sì kọ́ ni ẹ?" Mo ní n kì í ṣe nọ́ọ̀sì, sà. Ó jáde síta. Ìyá rẹ̀ ló gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó, ó gbé e mọ́ra, ó ń sọ pé, "Ìyàwó mi, má bínú, má bínú," léraléra, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mìíràn ti tán lẹ́nu rẹ̀. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ni ó yẹ kó dúró de nọ́ọ̀sì, kó sì yẹ obìnrin náà wò, pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí òun náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mú ẹrù mi fúyẹ́. Ó kàn jẹ́ pé àwa méjèèjì la jọ ń rù ú. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ó kó lọ sílé. Èmi ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tipẹ́ kó tó lọ.

Ìlú Ìjagun ni mo ti kàwé lẹ́yìn náà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà níbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo sì kà. Bàbá mi rò pé ìfẹ́ ló mú mi kà á. Mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n. Mo máa ń kọ díṣáàjì sójú pátákó ní ọdọọdún: kóòtù a máa díṣáàjì ẹni tí kò jẹ̀bi, ṣọ́jà a máa gba díṣáàjì, bátìrì mọ́tò a máa díṣáàjì bó bá kú, ọgbẹ́ náà a máa ṣe é. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á pa ìwé dé, aago á lù. Mo mọ̀ pé ìdajì wọn kò gbọ́. Ó máa ń rẹ̀ mí, àmọ́ mi ò jẹ́ fo ẹ̀kọ́ yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún rí obìnrin náà. Ó ti tó ọdún méjìlá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, nínú ọjà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó gbé gààrí kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, mo ti gbọ́ ọ. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Ó bi mí nípa iṣẹ́, ó bi mí nípa bàbá mi tó ti kú, ó kẹ́dùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ga, ó ń bá a di gààrí. Obìnrin náà wá béèrè pé ọmọ mélòó ni mo ti bí.

Mẹ́rin ni mo bí. Mo sọ fún un pé ẹyọ kan ni.

Ó ní, "Ọlọ́run á fi òmíràn kún un fún yín." Ó gbàdúrà náà tọkàntọkàn, ó sì bu gààrí díẹ̀ lé èyí tí mo rà. Mo ní àmín. Mo gbé gààrí náà délé, àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu ún, mo jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi mu ún tán. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti tọrọ ìdáríjì lé lórí látìgbà náà, mo sì ti rí i gbà. Àmín yẹn ṣì wà lọ́rùn mi.