Mobọ́lá àti Àpáta Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ má bá mi sọ pé Mobọ́lá burú. Èmi tí mò ń gbé iwájú ilé rẹ̀ ní Ìrè níbí, tí a ti jọ jà débi pé a kò kí ara wa fún ọ̀pọ̀ oṣù, èmi ni mo ní kò burú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọmọ tó kọ́kọ́ bí, ibà ló mú un lọ kó tó mọ̀ ọ́n pe ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí Tiwátọ́pẹ́ tó dé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Àmọ́ tirẹ̀ pọ̀ jù. Akọ̀wé ni ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀yẹ́, ọ̀kadà ló sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Òun nìkan ni mo mọ̀ ní àdúgbò wa tó ra akoto tirẹ̀, tó ń dé e bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. "Màmá Sójà" ni àwọn ọlọ́kadà ń pè é. Olúṣẹ́gun ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé, nítorí náà òun àti ọmọ ni, ọmọ àti òun. Tiwátọ́pẹ́ kò gbọdọ̀ gun igi. Kò gbọdọ̀ dé odò. Bó bá ti ti ilé ìwé dé, géètì á di títì, ọmọ á wá dúró sẹ́yìn irin, á máa wo títì.

Àpáta kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé ìsàlẹ̀. Lásìkò òjò kò sẹ́ni tó jẹ́ débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, tí ètè wa bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ ń wà. Wọ́n á bó èèpo ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á jókòó lé e, ó di ṣàà, ìsàlẹ̀! Bí àwa náà ṣe ṣe é lọ́mọdé nìyẹn, bí àwọn ìyá wa ṣe ṣe é nìyẹn. A máa ń bó nígúnpá o, n kò ní purọ́. Eyín mi kan ṣẹ́ níbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tí kò ṣe é rí kì í dá sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ló máa gbé e sáàárín ẹsẹ̀, tí wọ́n á jọ yọ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé ọ sọ̀kalẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ nìyẹn. Ẹni tó gbé mi, a ṣì ń pe ara wa lórí fóònù.

Ọyẹ́ èṣí ni Mobọ́lá lọ bá ọ̀gá ilé ìwé pé kí ó fòfin de àpáta kí ọmọ kan tó kú síbẹ̀. Ọ̀gá gbà. Ọmọ tí wọ́n bá ti rí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára aṣọ rẹ̀, ẹgba ni, oje yẹn kì í sì í ṣí, bó o fọ aṣọ títí. Wọ́n na Ṣọlá ọmọ mi. Inú bí mi! Mo dúró sójú títì, mo là á mọ́lẹ̀ fún Mobọ́lá. Ó kàn ní, "Màmá Ṣọlá, ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Mo wọlé lọ.

Ìyá ọkọ mi tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ mi orí. Ó ní, "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ọmọ kì í gbé ulé bí adìẹ tó sàba."

Àwọn ọmọ kò fi àpáta sílẹ̀ ṣá. Àkísà ni wọ́n ń wọ̀ lọ. Tiwátọ́pẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọn kò bá a ṣeré mọ́. Bó bá dúró sẹ́yìn géètì, wọ́n á kọjá bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó dùn mí, láìka ìjà wa sí.

Ọyẹ́ ọdún yìí ni Mobọ́lá rí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára síkẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀. Mo gbọ́ ariwo láti ilé mi. "Ta ló mú ọ lọ? Ta ló ṣí géètì?" Ọmọ ń sunkún. Nígbà tó yá, ariwo dákẹ́ lójijì, mo bá rí Mobọ́lá tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n lù. Ó ní ọmọ kò lọ síbì kankan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé wọn ló fi ọ̀bẹ gé, ó sì fi oje rẹ̀ ra aṣọ ara rẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rò pé òun náà ti dé orí àpáta.

"Màmá Ṣọlá, kí ni mo fi ọmọ mi ṣe? Mo fẹ́ kó ní ẹnì kejì tí wọ́n á jọ máa ṣeré."

Omi bọ́ lójú mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti òun mú ọmọ lọ sí àpáta. Ó yẹ kó kàn fi ọmọ sílẹ̀ kó lọ fúnra rẹ̀, àmọ́ Mobọ́lá ni. Ó dé akoto ọ̀kadà sí ọmọ lórí, akoto bò ó dé imú. Ó so ọ̀já mọ́ ọn níbàdí, ó di etí ọ̀já mú lókè. Àwọn ọmọ dúró, wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló burú jù.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀?"

Faith, ọmọ pásítọ̀, tó sábà máa ń gbé àwọn kéékèèké, ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Bó bá ṣubú, wọ́n á tún nà wá." Ó mú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó bá ẹ̀gbẹ́ lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ṣọlá tèmi wà nínú wọn; mo pè é, kò wẹ̀yìn. Àpáta wá ṣófo.

Tiwátọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣí akoto kúrò lórí. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ọjọ́ Ajé, Mobọ́lá lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé pé kó gbé ẹgba sílẹ̀, ọ̀gá sì gbà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣí géètì gbayawu, ó fi òkúta dá a dúró kó má padé. Láti ilé mi níbí, mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ lórí àpáta.

"Tiwátọ́pẹ́, máa lọ. N kò ní tẹ̀ lé ọ. Kò sí akoto, kò sí ọ̀já. Lọ ṣeré."

Ọmọ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó wo ìta, ó wo ìyá rẹ̀.

"Ta ni màá bá lọ?"